Bíréèkì Tó Há àti Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tó Ń Gbóná: Ìtàn Ìwádìí Àwọn Fítà ní Ìlú Accra

Bíréèkì tó há ni bíréèkì tí kò tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ tán lẹ́yìn tí awakọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ọkọ̀ náà ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń lọ bí ẹni tí wọ́n di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Epo bẹntiróòlù ń jó ju bó ṣe yẹ lọ, òórùn iná ń jáde lábẹ́ ọkọ̀, irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì ń gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, yóò sè epo tó wà nínú páìpù bíréèkì, nígbà náà ni pẹ́dà yóò rì wọlẹ̀ láìrí ohun kan dì mú. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn dáadáa ní òwúrọ̀ ṣe lè di ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró ní ọ̀sán.

Ní ìlú Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn tí wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe ni wọ́n ń pè ní fítà. Àìsàn ọkọ̀ yìí wà lára ohun tí wọ́n ń bá pàdé jù, nítorí pé ọkọ̀ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ìlú náà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá ìdí rẹ̀ kò jáde láti inú ìwé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ìtàn òwò, ìtàn òfin àti ìtàn ọ̀wọ́n ọjà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló fún un ní ìrísí tó ní. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan fi ń gbóná ní Accra, ó ní láti béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe dé Accra.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ní bíréèkì

Ìjánu ni Yorùbá ń pe ohun tí a fi ń dá ẹṣin dúró, orúkọ yìí ni wọ́n sì fi pe bíréèkì kẹ̀kẹ́ àti ti ọkọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Ní ọdún 1902, Gómìnà Matthew Nathan mú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ wá sí Gold Coast, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà ìjọba amúnisìn. Ọdún kan náà ni Louis Renault ní ilẹ̀ Faransé gbé bíréèkì onídúróòmù jáde, tí Frederick Lanchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bíréèkì onídíìsìkì.

Dúróòmù jọ ìkòkò irin tó ṣí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó so mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń yí. Nínú rẹ̀ ni irin méjì wà tí wọ́n tẹ̀ bí oṣù tuntun, tí wọ́n sì lẹ awọ líle kan mọ́ lẹ́yìn. Ṣúù ni àwọn mẹkáníìkì ń pè wọ́n. Bí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dà, ṣúù méjèèjì yóò là síta, wọn yóò sì ha ara dúróòmù títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, sípíríìngì yóò fà wọ́n padà. Ibi ìfàpadà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ bíréèkì tó há wà: agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń ti ṣúù síta, ṣùgbọ́n sípíríìngì tínínrín ló ń dá a padà. Ìdíwọ́ kékeré tí ẹsẹ̀ awakọ̀ lè borí láìmọ̀, sípíríìngì kò lè borí rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ kò ní bíréèkì ní ẹsẹ̀ iwájú. Ọkọ̀ Ford Model T, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1908, ní bíréèkì ọwọ́ tó ń di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì mú. Bíréèkì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ wà nínú jíà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan náà ni agbára rẹ̀ sì ń gbà dé ilẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, owó kòkó àti ọ̀nà tí ìjọba Gómìnà Gordon Guggisberg là láàárín ọdún 1919 sí 1927 mú kí ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ ní Gold Coast. Ọ̀pá irin àti okùn wáyà ni bíréèkì ìgbà náà fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ irin lè fi ojú lásán rí ibi tí ọ̀pá ti tẹ̀ tàbí tí okùn ti há.

Àyípadà ńlá dé nígbà tí epo rọ́pò ọ̀pá irin. Malcolm Loughead ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú bíréèkì yìí ní ọdún 1917, ilé-iṣẹ́ Duesenberg sì fi sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1921. Epo tó wà nínú páìpù tó dí kò ṣeé fún kéré bí afẹ́fẹ́. Bí a bá tì í ní ìdí pẹ́dà, yóò ti ohun tó wà ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ibi tí a ti ń tì í ni mástà sílíńdà, ibi tí ó ti ń ti ṣúù ni sílíńdà ẹsẹ̀. Bíréèkì wá lágbára sí i, ó sì bá ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ṣùgbọ́n àìsàn rẹ̀ wá fara pa mọ́ sínú páìpù, ojú lásán kò rí i mọ́.

Nínú àyípadà yìí, bíréèkì ọwọ́ kò yí padà. Okùn wáyà ló ṣì ń lò nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ló sì ń dì mú. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń sin ọ̀gá méjì: epo tó ń ti ọ̀dọ̀ pẹ́dà bọ̀, àti wáyà tó ń ti ọ̀dọ̀ bíréèkì ọwọ́ bọ̀. Bí ọ̀kan bá tú u sílẹ̀ tí èkejì kò tú u, há ni yóò há. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ àtijọ́ fi ń há ní ọ̀nà púpọ̀ ju ti iwájú lọ.

Ọdún ọ̀wọ́n: nígbà tí àtúnṣe rọ́pò pààrọ̀

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ akẹ́rù Bedford láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi pákó kan ilé sí lẹ́yìn, gba ojú ọ̀nà ní Gánà àti Nàìjíríà. Bọ́lẹ̀kájà ni Yorùbá ń pè é. Ní Accra, ọkọ̀ akérò gba orúkọ tirótirò, èyí tó jáde láti inú ọ̀rọ̀ Gá fún tọ́rọ́, nítorí pé tọ́rọ́ kan ni owó ọkọ̀ nígbà kan. Bí ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ ni ọgbà fítà ń pọ̀: Kokompe àti Odawna di ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀, Abossey Okai sì di ọjà ńlá fún ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìnísà fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ìṣòro owó ilẹ̀ òkèèrè dé. Jálẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 1970 sí 1983, oníṣòwò kò lè kó ọjà wọlé láìgba ìwé àṣẹ ìjọba, owó cedi kò sì níye lórí mọ́. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ wá wọ́n bí ojú. Ọkọ̀ tó bàjẹ́ kò rí tuntun rọ́pò, bẹ́ẹ̀ ni sílíńdà tó jò kò rí rọ́bà tuntun.

Nínú ọ̀wọ́n yìí ni iṣẹ́ fítà ti gbọ́n sí i. Wọ́n ń yọ awọ tó ti jẹ tán kúrò lára ṣúù, wọ́n sì ń fi ìṣó bàbà kan tuntun mọ́ ọn. Wọ́n ń gbé dúróòmù tó ti jẹ kòtò lọ síbi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń họ irin. Ní Kumasi, Suame Magazine di ibi tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀yà ara tí kò sí lọ́jà. Ibùdó ìmọ̀ràn ìmọ̀ ẹ̀rọ tí yunifásítì Kumasi dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 ṣí ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kan sí Suame ní ọdún 1980 láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ náà ní lílo ẹ̀rọ tó dára jù. Ní ọdún 1987, ìjọba dá àjọ GRATIS sílẹ̀ kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dé àwọn ẹkùn yòókù.

Ọ̀wọ́n náà fi àbùkù sílẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí epo bíréèkì bá ti wọ́n, ìdánwò ńlá ni láti fi epo ẹ́ńjìnnì tàbí epo mìíràn dípò rẹ̀. Epo ẹ́ńjìnnì kì í bá rọ́bà bíréèkì rẹ́. Yóò mú kí rọ́bà inú sílíńdà wú, rọ́bà tó wú kò sì ní lè padà sí àyè rẹ̀. Lójú awakọ̀, bíréèkì yóò dára fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò máa há lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àyípadà kan tún wà tí ó kan pẹ́dà gan-an. Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Gánà sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1974. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kó ọkọ̀ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jàpáánì, níbi tí ọwọ́ ìdarí ti wà lápá ọ̀tún, ní láti gbé ọwọ́ ìdarí náà àti pẹ́dà lọ sí apá òsì. Láàárín pẹ́dà àti mástà sílíńdà, ọ̀pá kékeré kan wà tí ó gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀ láti mì. Bí ẹni tó gbé pẹ́dà kò bá fi àyè náà sílẹ̀, ihò tí epo ń gbà padà sínú agolo rẹ̀ yóò máa dí. Nígbà tí bíréèkì bá gbóná, epo yóò fẹ̀, kò ní rí ibi padà sí, yóò sì máa ti ṣúù síta fúnra rẹ̀ láìsí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí pẹ́dà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní Nàìjíríà náà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé padà sílé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Gánà, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà láàárín wọn, gba ojú ọ̀nà Benin àti Togo padà. Báyìí ni ọmọ Èkó àti ọmọ Accra ṣe mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn, láìka òfin tó ń yà wọ́n sí.

Ọ̀nà ìwádìí: láti ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé ìdí pẹ́dà

Yorùbá ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bíréèkì tó há ní ìdí tó ju mẹ́wàá lọ, àmì kan náà ni gbogbo wọn sì ń fi hàn: ooru. Ohun tó ya ọ̀gá fítà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kàn ń pààrọ̀ ẹ̀yà ara ni ètò tó ń tẹ̀ lé. Ó ń mú ohun tí kò lè jẹ́ ìdí kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku ẹyọ kan.

Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ ń ṣe. Ṣé ẹsẹ̀ kan ló ń gbóná ni, àbí méjèèjì? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe kẹ́yìn lára ọkọ̀ náà? Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti Peduase ní orí òkè Akuapem wá sí Ayi Mensah ga gan-an. Bí bíréèkì ọkọ̀ bá gbóná ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n lórí òpópónà Accra sí Tema, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 19, ọkọ̀ lè rìn jìnnà láìtẹ bíréèkì bí ọ̀nà bá dá. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá gbóná lẹ́yìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ló mú un gbóná. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí ọkọ̀ bá ń dúró, ẹrù rẹ̀ máa ń tẹ̀ síwájú, bíréèkì iwájú ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó bá gbóná ju ti iwájú lọ ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni yóò ya bíréèkì sọ́tọ̀ kúrò lára bẹ́ríìnì, ìyẹn àwọn ọmọ irin róbótó tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí. Bẹ́ríìnì tó ti jẹ náà ń mú ooru wá, ṣùgbọ́n àárín ẹsẹ̀ ni ooru rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń kùn, ìkùn náà sì lè yí padà bí ọkọ̀ bá ń yà. Bí wọ́n bá fi jáàkì gbé ọkọ̀, tí wọ́n di orí àti ìdí táyà mú, tí wọ́n sì mì í, táyà yóò mì pẹ̀lú.

Bí kì í bá ṣe bẹ́ríìnì, fítà yóò fi òkúta tàbí igi dènà ẹsẹ̀ iwájú, yóò yọ jíà, yóò tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, yóò sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè sórí irin ìdúró tó lágbára. Kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé. Yóò fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, yóò sì fi wọ́n wéra. Láti ibí lọ, ìdánwò mẹ́ta ló ń ya àwọn ìdí sọ́tọ̀.

Èkíní jẹ́ ti okùn bíréèkì ọwọ́. Yóò dẹ okùn náà pátápátá ní ìdí ọwọ́ bíréèkì. Bí ẹsẹ̀ bá tú lẹ́yìn èyí, okùn ló há, tàbí wọ́n ti fà á le jù. Okùn náà wà nínú ọ̀pá tí omi àti iyọ̀ ń wọ̀. Ó lè ìpatà débi pé ọwọ́ lè fà á lọ, ṣùgbọ́n sípíríìngì kò lè dá a padà.

Èkejì jẹ́ ti epo. Lẹ́yìn sílíńdà ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìdérí kékeré kan wà tí wọ́n fi ń fa atẹ́gùn jáde. Bí fítà bá tú u díẹ̀, tí epo ta jáde pẹ̀lú agbára, tí ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí fàlàlà, a jẹ́ pé epo ló há sínú páìpù tí kò rí ọ̀nà padà. Iṣẹ́ kù láti mọ ibi tó ti há. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tí irin ìdábùú kan so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, páìpù rọ́bà kan ṣoṣo ló ń gbé epo láti ara ọkọ̀ dé orí irin náà, kí ó tó pín sí ọ̀tún àti òsì. Rọ́bà yìí lè dára lójú lóde, kí inú rẹ̀ sì ti wú. Ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò ti epo kọjá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n epo kò ní lè padà. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì bá ń gbóná tí iwájú sì tutù, rọ́bà yìí wà lára ohun tí ọ̀gá fítà kọ́kọ́ máa ń fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló há, yóò gòkè lọ sí ìdí mástà sílíńdà àti ọ̀pá pẹ́dà.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti irin. Bí wọ́n bá ti dẹ okùn, tí wọ́n sì ti tú epo, tí ẹsẹ̀ kò sì tú, ohun tó há wà nínú dúróòmù. Ó lè jẹ́ pé sípíríìngì ti rọ nítorí ooru, tàbí pé písítìnì inú sílíńdà ẹsẹ̀ ti ìpatà. Ó lè jẹ́ pé ṣúù ti gbẹ́ kòtò sára irin tó ń yọ̀ lé lórí, tàbí pé wọ́n ti sún ṣúù mọ́ dúróòmù jù nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Ṣíṣí dúróòmù nìkan ló lè fi èyí hàn.

Ètò yìí rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n owó ńlá wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni tí kò tẹ̀ lé e lè ra ṣúù tuntun, lẹ́yìn náà sílíńdà tuntun, lẹ́yìn náà dúróòmù tuntun, kí ó sì jẹ́ pé rọ́bà kékeré kan ló fa gbogbo rẹ̀. Fún awakọ̀ tákísí tó ní láti kó iye owó kan fún onímọ́tò lójoojúmọ́, ìnáwó bẹ́ẹ̀ lè gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Tòkúnbọ̀: iyọ̀, ọjọ́ orí àti òfin

Láti ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Jerry Rawlings bẹ̀rẹ̀ ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé, ìlẹ̀kùn ọjà ṣí díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkèèrè, èyí tí Yorùbá ń pè ní tòkúnbọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé púpọ̀ láti ibùdókọ̀ òkun Tema. Opel Kadett láti Jámánì di tákísí káàkiri Accra, bọ́ọ̀sì Mercedes-Benz 207 sì di tirótirò. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ní díìsìkì níwájú, dúróòmù lẹ́yìn.

Ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àìsàn tuntun bá tòkúnbọ̀ dé. Ní àríwá Yúróòpù, wọ́n ń da iyọ̀ sójú ọ̀nà nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà ń jẹ páìpù àti okùn bíréèkì lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dé, yóò dúró ní èbúté, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun tún ti gbé iyọ̀ wá. Bíréèkì tí wọn kò tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù máa ń ìpatà níbi tó dúró sí. Epo rẹ̀ pẹ̀lú ti gba omi mọ́ra, nítorí pé irú epo bẹ́ẹ̀ máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Epo bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 3 kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìwọ̀n tí òfin rẹ̀ béèrè kò ju 140 lọ. Ti DOT 4 jẹ́ 230 àti 155. Epo tó ti gbó nínú ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ há jẹ́ ewu méjì tó pàdé ara wọn.

Ìjọba Gánà gbìyànjú láti fi òfin ọjọ́ orí dí ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1998, wọ́n fòfin de kíkó ọkọ̀ tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ wọlé. Ní ọdún 2002, wọ́n yí òfin náà padà, wọ́n sì fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀, tó ń pọ̀ sí i bí ọkọ̀ bá ṣe dàgbà sí. Òfin mìíràn tún jáde ní ọdún 2020, tó lòdì sí ọkọ̀ tó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ àti èyí tí ìjàmbá ti bà jẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba dá ìmúṣẹ rẹ̀ dúró lẹ́yìn àròyé àwọn oníṣòwò. Ní ọdún kan náà, àjọ ECOWAS pàṣẹ pé kí ọkọ̀ kékeré tó ń wọ ẹkùn náà má ju ọdún márùn-ún lọ, ó sì fún àwọn orílẹ̀-èdè ní ọdún mẹ́wàá láti mú ara wọn bá a mu. Ìwádìí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí àyíká, tó jáde ní ọdún 2020, fi hàn pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni Yúróòpù, Jàpáánì àti Amẹ́ríkà tà sí òkèèrè láàárín ọdún 2015 sí 2018, pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sì wá sí Áfíríkà.

Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ nìkan ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ń kà. Kò lè sọ bóyá rọ́bà bíréèkì ti wú, tàbí bóyá okùn ti ìpatà. Ọkọ̀ ọdún mẹ́fà tó ti wà nínú iyọ̀ lè léwu ju ọkọ̀ ogún ọdún tí fítà ń tọ́jú dáadáa lọ. Àyẹ̀wò ọkọ̀ tí àjọ ìwé àṣẹ awakọ̀ àti ọkọ̀, tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ń ṣe wà fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì, ọwọ́ fítà ni ẹ̀mí àwọn èrò wà.

Ọ̀nà àbùjá àti eruku

Nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yanjú bíréèkì tó há, èyí tó yá jù ló burú jù: dídí páìpù tó ń lọ sí ẹsẹ̀ tó há, kí epo má bàa dé ibẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ náà yóò tutù, ọkọ̀ yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́ta ló kù láti dá a dúró. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì lórí ọ̀nà tó tutù, ọkọ̀ lè yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, èrò tó wà nínú rẹ̀ kò sì mọ̀ pé wọ́n ti dí ẹsẹ̀ kan pa. Kì í ṣe àìmọ̀ ló sábà ń fa èyí. Awakọ̀ tí kò lè pàdánù owó ọjọ́ kan ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un, fítà tí kò fẹ́ pàdánù oníbàárà ló sì ń gbà. Ọ̀gá tó bá kọ̀ láti ṣe é ń gbé owó sílẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn tí kò ní pàdé láé.

Ewu kejì kan fítà fúnra rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọ̀rúndún ogún, asbestos wà nínú awọ ṣúù bíréèkì nítorí pé kì í jóná. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ tó lè pẹ́ tó ogún ọdún kí ó tó farahàn. Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de lílò rẹ̀ láti ọdún 2005, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àtijọ́ àti ẹ̀yà ara tí kò ní àkọlé tó dájú ṣì lè gbé e wá. Àṣà fífi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú dúróòmù, tí ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń ṣe, léwu. Fífi omi rin eruku náà kí wọ́n tó nù ún kúrò dára jù, owó rẹ̀ kò sì ju ti àkísà lọ.

Ipò rẹ̀ lónìí

Ní ọdún 2019, Gánà gbé ìlànà jáde láti máa to ọkọ̀ tuntun nílé, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Accra ní ọdún 2020. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, díìsìkì wà lẹ́yìn, mọ́tò kékeré tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́ ti rọ́pò okùn bíréèkì ọwọ́ nínú àwọn kan, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ pàṣẹ kí wọ́n tó lè tú u. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru láti òkèèrè ti ń rọ́pò ọwọ́ tí wọ́n ń nà sún mọ́ dúróòmù. Síbẹ̀, ìbéèrè tí àwọn fítà Kokompe àti Odawna ń béèrè kò yí padà: nínú gbogbo ohun tó lágbára láti di ẹsẹ̀ yìí mú, èwo ni kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀? Kọ̀ǹpútà lè sọ pé mọ́tò ti gba àṣẹ. Kò lè sọ pé rọ́bà ti wú nínú.

Ọmọ iṣẹ́ tó bá kọ́ ètò yìí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ju iṣẹ́ bíréèkì lọ. Ó kọ́ láti wá ìdí kí ó tó náwó oníbàárà, ó sì kọ́ pé ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbóná kò gbọdọ̀ gbé èrò títí ìdí ooru náà yóò fi hàn.